Ìpè Mẹ́ta Tí Ayaba Abẹ́ Òkè Pe Àṣàkẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe di arúgbó, tẹlifíṣàn ni mo wò. N kò sọ ọ́ láti pa yín lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ, tí mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì nìyẹn: kí n wo eré ṣáájú kí àwọn ọmọ ìlú tó wò ó, kí n sọ bóyá ó yẹ wọ́n tàbí kò yẹ wọ́n. Ní ọ́fíìsì wa ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, àwọn akọ̀wé yàrá kejì ń pè wá ní "àwọn òǹwòran olówó oṣù." Bí a bá ń kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú wọn á ní, "Ẹ kú làálàá o. Ẹ rọra máa wò ó, kí ojú má baà bó yín." A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì máa bá tiwa lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Adó ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ náà. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé púpọ̀. Mo jáde ìwé girama, mo gbọ́ pé iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ń wá ẹni tí yóò máa yẹ eré wò, mo lọ. Wọn kò mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń dúró lójú fèrèsé àwọn aládùúgbò tó ní tẹlifíṣàn, tí mo ń fi ojú wá ohun tí àwọn yòókù kò wá. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Bí etí irun òṣèré bá ń tàn yòò, mo mọ̀ pé iná kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkùnrin kúkúrú bá ga lójijì, tí wọn kò sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wá, mo mọ̀ pé orí àpótí ló dúró sí. Mo lè gbọ́ ìró òjò kí n sọ fún ẹ pé ìrẹsì ni wọ́n ń dà sórí páànù. Inú irú nǹkan báyìí ni ayọ̀ mi wà, ó sì ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀gá mi ni Ìyáàfin Fálọlá, tó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n máa ń fi okùn dúdú so awò ojú mọ́ ọrùn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọlé, mo kí wọn, mo fẹ́ jókòó sórí àga.

"Dìde níbẹ̀," wọ́n ní.

"Mà?"

"Délé, ọmọ ta lo rí ní Adó yìí tó ń jókòó sórí àga onítìmùtìmù wo tẹlifíṣàn? Bàbá rẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀. Bọ́ sílẹ̀."

Ẹní ni mo fi ṣe àga láti ọjọ́ yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ mí. Nígbà tó yá ni mo rí i pé láti orí ẹní, ẹni tó wà nínú tẹlifíṣàn máa ń ga ju ìwọ lọ. Ó ń wò ọ́ láti òkè, bí ìyá tó dúró tì ọ́. Ẹni tó jókòó sórí àga kò lè mọ èyí láéláé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé a ó kọ́kọ́ pa ohùn, a ó wo àwòrán lásán. Lẹ́yìn èyí a ó kẹ́yìn sí i, a ó gbọ́ ohùn lásán. Ìgbà kẹta la ó tó wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. A kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà, a kò gbọ́dọ̀ sùn, a kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé eré "dára." Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fa ìwé náà ya lójú mi. "Dára fún ta?" Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kí n dáhùn: ọmọ tó wo eré yìí, bó bá dìde lórí ẹní, kí ni yóò lọ ṣe?

Mo rántí eré kan tí ọmọkùnrin kan ti ṣí agboòrùn, tó fò láti orí òrùlé, tó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ń ṣàlàyé fún Ìyáàfin Fálọlá bí wọ́n ṣe ya àwòrán náà, bí wọ́n ṣe fi okùn tín-ín-rín fa agboòrùn, àti bí wọ́n ṣe fi ọ̀dà kun okùn náà kó lè bá àwọ̀ ojú ọ̀run mu. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Agboòrùn mélòó ló wà nílé yín?" wọ́n bi mí.

"Méjì, mà."

"Òrùlé ńkọ́?"

Wọ́n yọ ibẹ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba irinṣẹ́, torí ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò pé inú fóònù ni ayé ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, inú agolo pẹrẹsẹ bí àwo oúnjẹ ni eré máa ń wà, bí o bá ṣí i, òórùn kíkan kan á là ọ́ nímú. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì ńlá dé, ó tóbi tó Bíbélì orí pẹpẹ, gbogbo wa sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni àwọ̀. Lójú tẹlifíṣàn aláwọ̀ dúdú àti funfun, ẹ̀jẹ̀ dà bí epo ẹ́ńjìnì, ọmọ kò sì ka epo ẹ́ńjìnì sí. Nígbà tí aláwọ̀ mèremère dé, a tún eré kan tí a ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ wò. Ìyáàfin Fálọlá bo ojú wọn. Eré kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti pupa. A ní láti padà sídìí gbogbo èyí tí a ti ní kó lọ. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré tẹ̀lé e, àwo pẹlẹbẹ tẹ̀lé ìyẹn, lẹ́yìn wọn ni kọ̀ǹpútà dé. Ní ọdún tí mo fẹ̀yìntì, mo bá ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi iṣẹ́, tó ń fi ẹ̀rọ mú kí eré sáré kó lè tètè wò ó parí, tí àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ wùyẹ̀wùyẹ̀ bí ẹyẹ ẹ̀ga. Mo kàn tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo wò, eré kan wà tí àyà mi ṣì máa ń já bí mo bá rántí rẹ̀. Ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn òṣèré kan láti Ìgèdè ló ṣe é fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì pè é ní Ìlú Abẹ́ Òkè; apá kan rẹ̀ la ó máa fi hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kan rí ilẹ̀kùn lára àpáta, wọ́n bá ìlú kan lábẹ́ rẹ̀, ayaba kan ló sì ń ṣe olórí ìlú náà. Bí ayaba bá fẹ́ ọmọ kan, á pe oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ tó bá dáhùn ti di tirẹ̀ nìyẹn, kò sì ní jẹ oúnjẹ orí ilẹ̀ mọ́. Tíṣà kan ní Ìgèdè, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Bísí, ló ṣe ayaba. Ohùn rẹ̀ dùn ju ohun tí mo lè ṣàlàyé lọ.

A wò ó bí a ṣe ń wo gbogbo eré. Ìyáàfin Fálọlá béèrè ìbéèrè wọn: bí ọmọ bá dìde, kí ni yóò ṣe? A ní ó lè lọ máa wá ilẹ̀kùn kiri ara àpáta, àpáta sì pọ̀ ní Èkìtì. Wọ́n ní kí àwọn òṣèré fi ibì kan kún un tí àgbàlagbà kan ti máa sọ pé ilẹ̀kùn náà ti pa títí láé. Àwọn òṣèré ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí ayaba ti ń pe ọmọ, torí pé ẹni tó ń ya àwòrán kò mi rárá, ayaba sì wo inú ẹ̀rọ gan-an. Bí o bá wà lórí ẹní, ìwọ ló ń wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí eré náà jáde, mo lọ wò ó nílé onílé mi pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò. Mo fẹ́ rí bí wọn yóò ṣe gbà á. Yàrá kún, àwọn míì dúró lójú fèrèsé. Níwájú mi ni Fúnmiláyọ̀ jókòó sí, ọmọ Ìyá Fúnmi tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Ọba. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, màmá náà sì ti kú lọ́dún yẹn. Màmá yẹn nìkan ló ń pe Fúnmi ní Àṣàkẹ́ láràárọ̀ bó bá kúnlẹ̀ kí i. Látìgbà tó ti kú, ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ayaba yọ, ó wọ funfun, ó dé adé. Oríkì ọmọ kan nínú eré náà ni Àṣàkẹ́; òun ni ayaba fẹ́ pè, ṣùgbọ́n àwa ló kọjú sí.

"Àṣàkẹ́," ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun.

Àwọn ọmọ fọwọ́ bo ẹnu.

"Àṣàkẹ́."

Ọmọkùnrin kan lójú fèrèsé ní, "Má dáhùn o, ìyá yìí á fi ẹ́ jẹ iyán." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Fúnmi gbé ara nílẹ̀ lórí ẹní, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà. Mo wà níbí, mà."

Ibẹ̀ gan-an ni eré ọ̀sẹ̀ náà parí sí. Ìkùukùu bo ojú ayaba, orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò jáde. Fúnmi kò sunkún. Ó ṣì kúnlẹ̀, ó ń wo tẹlifíṣàn bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀.

"Ìwọ kọ́ ló ń pè," ọmọ kan sọ fún un.

"Èmi ni Àṣàkẹ́," ó ní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ká aṣọ méjì sínú báàgì, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé wọn. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Omi nìkan ló ń mu. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà ní kò sí àrùn lára rẹ̀, kí wọ́n rí i pé ó jẹun. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà tí ìyá rẹ̀ ń lọ wá gbàdúrà lé e lórí. Ó kúnlẹ̀ fún wọn, ó ṣe àmín sí gbogbo àdúrà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì padà lọ jókòó sórí àpótí. Bàbá rẹ̀, tíṣà ni, fi ẹ̀yìn tẹlifíṣàn hàn án, wáyà àti eruku. Ó wò ó dáadáa. Kò jẹun.

Ìyá Fúnmi wá bá wa ní ọ́fíìsì pẹ̀lú gèlè tó ń já lórí. Kò kí ẹnikẹ́ni. "Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé ó yẹ kí ọmọ wò ó?" ó bi wá. "Ó dáa. Ẹ wá wò ó l'ulé mi."

Èmi àti Ìyáàfin Fálọlá lọ. Ọmọ náà ti rù, ọrùn aṣọ ti tóbi jù ú lọ. Ó dìde kí wa, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Fúnmi, ta lò ń dúró dè?" Ìyáàfin Fálọlá bi í.

"Ẹni tó pè mí, mà."

"Kò sí ẹni tó pè ọ́. Eré ni."

"Gbogbo ilé ló gbọ́, mà. Bọ̀dá Délé náà wà níbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un. Mo sọ pé èéfín ewé tútù ni ìkùukùu náà, mo sọ bí wọ́n ṣe fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ sọ́dọ̀ ayaba. Mo sọ fún un pé igbá ni wọ́n gé ṣe adé, tí wọ́n fi ọ̀dà tí wọ́n ń kun géètì kùn ún. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí.

"Ẹ ṣeun, sà," ó ní. "Ṣé ẹni tó bá dé adé igbá kò lè pe èèyàn ni?"

Ọ̀gá mi fà mí lápá, a jáde. Nígbà tí a dé títì, wọ́n dúró, wọ́n ní, "A béèrè ohun tí ọmọ máa ṣe bó bá dìde. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó máa ṣe nígbà tó ṣì jókòó." Wọ́n ní kí a wọ mọ́tò Ìgèdè.

A bá Tíṣà Bísí ní kíláàsì. Nígbà tó rí wa, tí a sì sọ ibi tí a ti wá, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa wá," ó ní. "Ẹ wo àwọn ọmọ yẹn. Bí mo bá pe orúkọ wọn láàárọ̀, kò sí ẹni tó ń dáhùn mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n ń nà sókè. Ọkọ mi ní kí n máa fi pátákó àti ṣọ́ọ̀kì pè wọ́n." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ ti Fúnmi fún un, ó bá wa wọ mọ́tò padà sí Adó lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Fúnmi wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ó wo ojú tíṣà náà, ó dá a mọ̀, ó na apá méjèèjì dí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ ti pè é. Ṣé ẹ wá mú un ni?"

"Ìyá, tíṣà ni mí. Ọmọ èèyàn ni mí."

"Mo rí ojú yín. Ẹ má wọlé mi."

Tíṣà Bísí kò bá a jà. Ó jókòó sórí odó tó wà lábẹ́ òrùlé níta. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wọlé. Fúnmi gba abẹ́ apá ìyá rẹ̀ jáde pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú tíṣà náà.

"Mo ti múra tán, mà," ó ní.

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí.

"Níbo là ń lọ?" Tíṣà Bísí bi í.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, mà. Ẹ pè mí, mo dáhùn, ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ pè mí fún."

Mo rò pé tíṣà náà máa sọ ohun tí gbogbo wa ti sọ, pé irọ́ ni, pé eré ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọmọ náà, ó sì rí ohun tí àwa olówó oṣù kò rí. Ọmọ tí màmá tọ́ dáadáa ni. Bí àgbà bá pè é, á dáhùn, á sì dúró títí àgbà náà á fi rán an níṣẹ́ tàbí kó ní kó máa lọ. Kò sí ọmọ ilé ire tó ń dáhùn ìpè kó sì yí ẹ̀yìn padà. Eré wa pe ọmọ, ó gba ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀, ó sì lọ láìrán an níṣẹ́ kankan. Látọjọ́ tó ti dáhùn, ìdúró yẹn ló ń dúró.

Tíṣà Bísí tún ara ṣe lórí odó.

"Àṣàkẹ́," ó pè é.

Ìyá rẹ̀ fẹ́ sáré bọ́ síwájú, Ìyáàfin Fálọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mà," Fúnmi dáhùn.

"Omi ni mo fẹ́ mu. Tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe pè ọ́. Lọ bu omi wá fún mi."

Fúnmi gbé báàgì sílẹ̀. Ó wọlé. A gbọ́ tí ó ṣí ìdérí ìkòkò. Ó fi ife wá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Tíṣà Bísí mu ún tán pátápátá, omi ń dà sí i láyà.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó tó. N kò rán ọ níṣẹ́ mìíràn. Máa lọ."

"Ó dàbọ̀, mà," Fúnmi ní.

Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìntì, n kò jẹ́ kí eré kankan jáde tí ẹnìkan nínú rẹ̀ bá kọjú sí ọmọ, tó pè é, tí kò sì sọ ohun tó pè é fún. Àwọn òṣèré bínú sí mi títí. Wọ́n ní mò ń ba adùn eré jẹ́. Bóyá òótọ́ ni. Àwọn ará Ìgèdè náà tún ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe: ayaba pe ọmọ, ọmọ dáhùn, ayaba ní kó padà sílé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kò tíì tán. Fúnmi kò lọ jókòó sórí àpótí mọ́. Ó bọ́ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ inú ilé ìdáná lọ. Ìyá rẹ̀ wo Tíṣà Bísí, ó wọlé, ó gbé àga jáde, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ odó fún un. Lẹ́yìn náà ó lọ po ògì, ó fi ṣúgà sí i, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀.

Gbogbo wa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Fúnmi mú ṣíbí. Ó bu ú, ó fẹ́ ẹ, ó gbé e sẹ́nu. Ó tún bu òmíràn. Ìgbà yẹn ló gbé ojú sókè, ó rí ìyá rẹ̀, ó rí tíṣà, ó rí Ìyáàfin Fálọlá pẹ̀lú awò ojú wọn, ó rí èmi náà.

"Ẹ má wò mí lẹ́nu," ó ní.

A gbé ojú kúrò.